Òpó Lórí Òkè, Sátẹ́láìtì Lójú Sánmà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ará Èkìtì

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta fóònù tí mo sì ń tún un ṣe ní Adó-Èkìtì. Láìpẹ́ yìí, bàbá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ó tú owó tó dì sínú ọ̀rá sórí káńtà, ó ní kí n bá òun ra fóònù tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀, nítorí nẹ́tíwọ̀kì kì í dé oko òun. Mi ò gba owó náà. Mo ní kí bàbá jókòó, a sì sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Àwọn ìbéèrè tí bàbá bi mí lọ́jọ́ náà ni mo kó síbí, pẹ̀lú àwọn tí àwọn ọmọ yunifásítì máa ń bi mí bí mo bá ń tú fóònù wọn lọ́wọ́.

Kí ló yàtọ̀ nínú fóònù ọwọ́ mi yìí àti fóònù sátẹ́láìtì?

Ibi tí ohùn yín kọ́kọ́ ń bà lé ni. Fóònù ọwọ́ yín kì í bá ẹni tí ẹ pè sọ̀rọ̀ tààrà. Òpó irin tó wà nítòsí ló ń bá sọ̀rọ̀. Òpó yẹn á fa ohùn yín lé òmíràn lọ́wọ́, títí yóò fi dé òpó tó sún mọ́ ẹni tí ẹ ń pè. Bí ẹ bá jìnnà sí òpó, tàbí tí òkè dúró láàárín yín, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ìlànà GSM àtijọ́ gan-an fi ààlà sí i: bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ tẹ́ bí ẹní, fóònù tó bá ju 35 kìlómítà lọ sí òpó kò ní lè bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Níhìn-ín, níbi tí wọ́n ní orúkọ wa ti inú òkìtì jáde, òkè kan ṣoṣo lè gé e kù sí kìlómítà méjì.

Fóònù sátẹ́láìtì kò wá òpó kankan. Ẹ̀rọ tó wà lókè sánmà ló ń wá. Ohùn yín á gòkè lọ bá a, ẹ̀rọ náà á sì jù ú sílẹ̀ sí ibùdó kan lórí ilẹ̀, bóyá ní orílẹ̀-èdè míì pàápàá, kí ó tó wọ inú nẹ́tíwọ̀kì tí gbogbo èèyàn ń lò. Àǹfààní rẹ̀ ni pé òkè tó dí òpó kò lè dí gbogbo ojú sánmà. Ìnira rẹ̀ sì ni pé òrùlé páànù lè dí i.

GSM, GSM. Kí ni GSM gan-an?

A ti sọ ọ́ di orúkọ fóònù. “Fún mi ní nọ́ńbà GSM rẹ.” Ṣùgbọ́n àdéhùn ni GSM. Nígbà kan ní Yúróòpù, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà fóònù alágbèéká tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé fóònù Jámánì sọdá sí Faransé, igi lásán ló gbé lọ́wọ́. Ní 1982 wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n pè ní Groupe Spécial Mobile, ibẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta náà ti wá. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 1987, àwọn ilé iṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè 13 fọwọ́ sí ìwé ní Copenhagen pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn yóò jọ máa tọ̀. Ọjọ́ 1 oṣù keje 1991 ni wọ́n pe ìpè GSM àkọ́kọ́, ní Finland.

Ọmọ Èkìtì ló yẹ kí èyí tètè yé. Nígbà ogun Kírìjì, kò sí ìlú kan nínú àwọn ìlú wa tó lè dá kojú Ìbàdàn. Òkèmẹ̀sí kò lè dá a ṣe, Ìjerò kò lè dá a ṣe, Ìjẹ̀ṣà pàápàá kò dá a ṣe. Wọ́n di Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì dúró gbọin títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Irú agbára tí GSM ní nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló ga jù láyé. Ẹni tó bá ṣe fóònù GSM kan mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 13, nígbà tó yá ó di 50, nígbà tó yá ó lé ní 200. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe jáde ní ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Bí fóònù kékeré ṣe dé ọwọ́ ìyá alágbàdo nìyẹn.

CDMA ńkọ́? Ṣé òun ni fóònù orí tábìlì ọjọ́sí?

Òun ni. Ìlànà fóònù míì ni CDMA, tó ń bá GSM díje. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún á rántí: fóònù tó rí bí ti NITEL (ilé iṣẹ́ fóònù ìjọba ìgbà yẹn), ṣùgbọ́n tí kò ní wáyà, tí àńtẹ́nà dúdú nàró lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n gbé sórí tábìlì lábẹ́ agboòrùn ńlá lẹ́bàá títì. Ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, oníṣòwò á máa wo aago, ẹ̀yin náà á máa wo aago. Multilinks, Starcomms, Reltel, Visafone: CDMA ni gbogbo wọn.

Qualcomm ní Amẹ́ríkà, tí Irwin Jacobs, Andrew Viterbi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀ ní 1985, ló gbé e dìde. Ní 1993 ó di ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí, ní 1995 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣòwò ní Hong Kong.

Bí méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ dùn ún gbọ́. Ẹ wo GSM bí ìpàdé ẹbí tí olórí ẹbí fọwọ́ mú. Èèyàn mẹ́jọ ló jókòó sórí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan, ẹnì kan á sọ, á dákẹ́, ẹlòmíràn á sọ. Àyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ń yí kiri kíákíá débi pé etí kò mọ̀ pé wọ́n já ọ̀rọ̀ òun sí wẹ́wẹ́. CDMA ní tirẹ̀ dà bí Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà. Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, níbì kan náà. Ará Ẹ̀bìrà ń bá ará ilé rẹ̀ sọ Ẹ̀bìrà, Ìgbò ń bá Ìgbò ná ọjà, etí oníkálukú sì ń ṣa èdè tirẹ̀ láàárín ariwo. Èdè yẹn ni kóòdù tí wọ́n fún fóònù kọ̀ọ̀kan. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹni tó wà nítòsí bá ń pariwo, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ẹni tó wà lókèèrè. Nítorí náà òpó CDMA ń sọ fún fóònù ní ìgbà 800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: “gbé ohùn sókè díẹ̀, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀.” Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo gbé irin iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo jókòó, mo ń rò ó.

Bó bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ló jẹ́ kí GSM borí rẹ̀ ní Nàìjíríà?

Síìmù ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. GSM ya nọ́ńbà yín sọ́tọ̀ kúrò lára fóònù. Bí fóònù bá bọ́ sómi, ẹ yọ síìmù, ẹ kì í bọ òmíràn. Bí inú bá bí yín sí nẹ́tíwọ̀kì kan, ẹ ra síìmù òmíràn, fóònù ṣì jẹ́ tiyín. Ní ọjọ́ wọnnì, ọ̀pọ̀ fóònù CDMA ló jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó tà á ló so nọ́ńbà mọ́ ọn nínú. Fóònù yín kò kúrò nílé ọkọ tó fẹ́ ẹ.

Èmi náà kàgbákò rẹ̀. Mo kó fóònù orí tábìlì mẹ́fà láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, kí n lè fún àwọn tó ń tà ìpè lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù mi. Ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti GSM lọ, owó ìpè rẹ̀ sì dínkù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, mẹ́ta ṣì wà nínú páálí. Kò sí síìmù tí mo lè kì bọ̀ wọ́n, kò sí nẹ́tíwọ̀kì míì tó lè gbà wọ́n. Ìyá kan tó ti san ìdajì owó tirẹ̀ gbé e padà wá, ó dúró síwájú mi, kò sọ nǹkan kan. Mo dá owó rẹ̀ padà fún un. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀rọ kan dára, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: bí ẹni tó tà á bá lọ, ṣé yóò ṣì ṣiṣẹ́?

Ìdí kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn. GSM ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú agbára, fóònù rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà, titun àti tòkúnbọ̀. Tí mo bá fẹ́ ra gíláàsì tàbí bátìrì fóònù GSM, mo lè rí i ní Adó níbí. Ti CDMA, àfi kí n ránṣẹ́ sí Èkó.

Ṣé lóòótọ́ ni síìmù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó dé?

Lóòótọ́ ni. Kí 2001 tó dé, ìlà NITEL tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù, fún èèyàn tó lé ní 100 mílíọ̀nù. Ní oṣù kìíní 2001, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ẹyọ kan. Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ. Síìmù lásán lé ní ₦20,000, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ₦7,500. Ìpè jẹ́ ₦50 ní ìṣẹ́jú kan, bí ẹ bá sì kàn ní “ẹ ǹ lẹ́ o” tí ẹ gé e, ₦50 náà ni. Ìgbà tí Glo dé ní oṣù kẹjọ 2003, tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ni ara tù wá.

Ṣé CDMA ti kú báyìí?

Gẹ́gẹ́ bí òwò, bẹ́ẹ̀ ni. MTN ra Visafone, ọ̀nà afẹ́fẹ́ 800 MHz tó wà lọ́wọ́ Visafone sì di èyí tí wọ́n ń fi 4G rìn. Ní Amẹ́ríkà, Verizon pa CDMA tirẹ̀ ní ìparí 2022. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kú: nígbà tí àwọn ará GSM fẹ́ ṣe 3G, ọgbọ́n CDMA ni wọ́n mú lò nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá pàdé lórí LTE, èyí tí à ń pè ní 4G, tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún aráyé ní Stockholm àti Oslo ní oṣù kejìlá 2009. Qualcomm ti pa èyí tó fẹ́ fi bá LTE díje tì ní 2008. Ìjà ìlànà parí síbẹ̀.

Bí sátẹ́láìtì bá lè dé ibi gbogbo, kí ló dé tí kò gba ọjà lọ́wọ́ GSM?

Ó gbìyànjú rẹ̀, ó sì ná an ní owó ńlá. Motorola ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Wọ́n ṣírò pé sátẹ́láìtì 77 ni yóò yí ayé ká, wọ́n sì sọ iṣẹ́ náà ní Iridium, nítorí pé irin tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà ní ipò 77 nínú àtẹ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì. Nígbà tó yá wọ́n rí i pé 66 ti tó. Orúkọ kò yí padà. Sátẹ́láìtì náà wà ní 780 kìlómítà sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí ayé po láàárín nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú, wọ́n sì ń fa ìpè lé ara wọn lọ́wọ́ lójú sánmà láìdé ilẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ iṣẹ́ fóònù tó wú mi lórí tó èyí.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 1998, Al Gore, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, pe ìpè tí wọ́n fi ṣí i. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ 1999, oṣù mẹ́wàá kò tíì pé, Iridium wà ní kóòtù, ó ní òun kò lè san gbèsè mọ́. Owó tó ti wọ inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 5 dọ́là.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Fóònù rẹ̀ tó 3,000 dọ́là, ìṣẹ́jú ìpè kan jẹ́ dọ́là mélòó kan, ó tóbi bí bíríkì, kò sì ṣiṣẹ́ nínú ilé. Àwọn tó lówó láti rà á, inú ìlú ńlá ni wọ́n ń gbé, inú ìlú ńlá yẹn gan-an sì ni GSM ti ń gbòòrò ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń kọ́ sátẹ́láìtì. Àwọn tó nílò rẹ̀ jù, ará oko, ará orí òkun, ará aṣálẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní 3,000 dọ́là.

Ohun tó tún wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Ẹni tó ń ṣe GSM dà bí ẹni tó kọ́ yàrá kan, ó fi háyà, ó fi owó háyà kọ́ èkejì. Òpó kan ní Adó, ó ti ń pa owó. Òpó kejì ní Ìkéré, ó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń ṣe ti Iridium gbọ́dọ̀ kọ́ gbogbo ilé náà, kó kan páànù rẹ̀ tán, kó tó lè gba ayálégbé kan ṣoṣo wọlé. Gbèsè kì í dúró de irú ilé bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kò parẹ́. Nígbà tí wọ́n ti ń múra láti já àwọn sátẹ́láìtì náà sílẹ̀ kí wọ́n jóná, àwọn kan ra gbogbo rẹ̀ ní mílíọ̀nù 25 dọ́là, ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà sì di oníbàárà ńlá fún wọn. Láàárín 2017 àti 2019 wọ́n gbé titun rọ́pò àwọn ti àtijọ́.

Èwo ni mo lè rí lò ní Èkìtì, ṣé yóò sì ṣiṣẹ́?

Iridium ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo láyé, títí kan Èkìtì. Inmarsat náà wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 fún àwọn ọkọ̀ ojú omi, àti Thuraya ti ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn méjì yìí, sátẹ́láìtì wọn wà lókè réré, bíi 36,000 kìlómítà, níbi tí ó ti dà bíi pé wọn kò kúrò lójú kan. Ìrìn yẹn jìn débi pé bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lè kọjá kí èsì tó dé. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ẹni tó pè ń bínú sí òun. Globalstar náà wà, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibùdó ilẹ̀ tirẹ̀ nítòsí kó tó wúlò, nítorí náà kì í ṣe ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ti òkè wa, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Sátẹ́láìtì Thuraya tó ń wo apá ibí yìí wà ní ìlà-oòrùn sí wa, nǹkan bí ìdajì láàárín ilẹ̀ àti àtàrí. Bí oko yín bá wà ní ẹsẹ̀ òkè tó ga ní apá ìlà-oòrùn, òkè náà lè dí i bó ṣe dí òpó. Bí òkè bá wà ní ìwọ̀-oòrùn, kò sí ìyọnu. Iridium ní tirẹ̀ ń rìn. Bí èyí tó wà lókè bá kọjá sẹ́yìn òkè, ẹ dúró díẹ̀, òmíràn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi kòkó tó dí, tàbí nínú abà, kò sí èyí tó máa dáa. Ẹ jáde síta, ẹ na àńtẹ́nà, ẹ kọjú sí ibi tó ṣí.

Ṣé òfin gba kí n ní fóònù sátẹ́láìtì?

Ẹ má kàn ra ti ọwọ́ ẹni tó ń tà á lábẹ́ aṣọ. Ẹ̀rọ tí NCC ti fọwọ́ sí ni kí ẹ rà, lọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti tà á, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ọ̀rọ̀ ààbò wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2013, nígbà tí wọ́n ti pa nẹ́tíwọ̀kì GSM ní Borno nítorí ogun Boko Haram, àwọn ológun fòfin de Thuraya níbẹ̀, nítorí àwọn apànìyàn náà ń lò ó. Bí ẹ bá sì ń lọ sí Íńdíà, ẹ fi ti Thuraya àti Iridium sílẹ̀ nílé pátápátá. Wọ́n ti mú àlejò tó gbé e wọ̀lú láìgbàṣẹ.

Starlink ńkọ́? Ṣé fóònù ni?

Rárá. Íntánẹ́ẹ̀tì ni. Àwo funfun kan ni ẹ máa gbé sórí òrùlé tàbí sórí àpáta, yóò máa bá sátẹ́láìtì tó wà ní bíi 550 kìlómítà sókè sọ̀rọ̀, yóò sì máa pín WiFi fún fóònù tó wà nítòsí. Oṣù kìíní 2023 ló bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, kó tó dé orílẹ̀-èdè míì ní Áfíríkà. Ẹ lè fi WhatsApp pe èèyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná, ó sì ń gba owó oṣù. Fún ẹnì kan ṣoṣo lóko, ó ti pọ̀ jù. Fún abúlé tó dáwó jọ, tó ní sólà, mo gbà á níyànjú tọkàntọkàn.

Wọ́n ní fóònù lásán ti ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Ṣé irọ́ ni?

Kì í ṣe irọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù. Ní oṣù kọkànlá 2022, Apple bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí iPhone 14 ránṣẹ́ ìdóòlà nípasẹ̀ Globalstar ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní oṣù kẹrin 2023, ilé iṣẹ́ AST SpaceMobile fi fóònù Samsung tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà, tí wọn kò fi nǹkan kan kún, pe èèyàn ní Japan láti Texas. Àńtẹ́nà sátẹ́láìtì wọn fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 64, bíi mítà mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóròó, ó tó ilé oníyàrá mẹ́ta. Ìdí tó fi tóbi ni pé fóònù yín kò lè pariwo; etí ló gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ní oṣù keje 2025, T-Mobile ní Amẹ́ríkà ṣí irú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn pẹ̀lú sátẹ́láìtì Starlink.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni pé àwọn tó ń kọ ìlànà 4G àti 5G ti fi sátẹ́láìtì kún un. Ẹ̀dà tí wọ́n parí ní 2022, tí wọ́n pè ní Release 17, ló ṣàlàyé bí fóònù ṣe máa bá òpó tó ń fò lójú sánmà sọ̀rọ̀. Ẹ rántí Èkìtìparapọ̀. Sátẹ́láìtì tó fẹ́ dá jà ní 1998, ó ti wọ inú ẹgbẹ́ báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ìpè níbi tí òpó kò dé, kí fóònù sì padà sọ́dọ̀ òpó nígbà tó bá wọ̀lú.

Kí ló dé tí wọn ò kàn ri òpó sí ẹ̀yìn òkè wa?

Owó ni. Òpó kan fẹ́ ilẹ̀, ó fẹ́ irin, ó fẹ́ dísùù lójoojúmọ́ tàbí sólà, ó fẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí abà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ kò ní rí owó rẹ̀ padà. Wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ òpó lọ sí ìlú ńlá náà ń náni. Níbi èyí, Èkìtì ṣe ohun tí inú mi dùn sí: ní oṣù karùn-ún 2020, ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí gé owó tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ ri wáyà fáíbà kù láti ₦4,500 sí ₦145 ní mítà kan. Wáyà ló ń jẹ́ kí òpó tètè dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkè ṣì wà níbẹ̀.

Àbúrò bàbá mi já bọ́ lórí igi obì ní oko kan lẹ́yìn Òkèmẹ̀sí ní 2016. Ọmọkùnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní fóònù, ó ní káàdì, kò ní nẹ́tíwọ̀kì. Ó sáré gun àpáta tí gbogbo wọn ti ń pè, ó pè mí. Àárín ìgbà tí wọ́n já bọ́ àti ìgbà tí fóònù mi dún lé ní wákàtí kan. Wọ́n yè é, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn títí dòní. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gba owó bàbá ará ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n yẹn kí n sì ta ohunkóhun tó bá wù mí fún wọn.

Oko mi wà lẹ́yìn òkè. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ẹ kọ́kọ́ ra síìmù méjì tó yàtọ̀, kí ẹ fi sínú fóònù kékeré tó gba méjì. Nẹ́tíwọ̀kì tí kò dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò yín lè dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí òpó wọn kò sí lójú kan náà. Bí ẹ bá ń lo fóònù ńlá, ẹ wọ inú sẹ́tíǹgì, ẹ fi í sí 2G nígbà tẹ́ ẹ bá wà lóko. 2G tó wà lórí 900 MHz ń rìn jìnnà ju ọ̀pọ̀ 4G lọ, ó sì ń yí òkè ká díẹ̀. Bí ìpè kò bá wọlé, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú máa ń gba ibi tí ohùn kò lè gbà kọjá. Nọ́ńbà pàjáwìrì 112 kì í gba owó, nẹ́tíwọ̀kì ẹlòmíràn tó bá wà nítòsí sì lè gbé e bí tiyín kò bá sí. Ẹ má ra ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń fa nẹ́tíwọ̀kì sún mọ́ ilé tí NCC kò fọwọ́ sí. Ó ń da ti àwọn ará àdúgbò rú.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, tàbí tí ẹ ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ lóko tó jìn, ẹ lè dáwó ra fóònù sátẹ́láìtì kan ṣoṣo fún ọjọ́ ìdágìrì. Ẹ máa fi bátìrì rẹ̀ síná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa dán an wò lóṣooṣù, kí ọmọ kan nínú yín sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Fún ẹnì kan ṣoṣo, mi ò ní gbà á níyànjú. Owó ìpè rẹ̀ yóò jẹ èrè kòkó.

Mo bi bàbá ará ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n bóyá ibì kankan wà lóko wọn tí fóònù ti máa ń dún. Wọ́n ní ó ń dún nígbà míì lórí àpáta kan, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ ojú ibẹ̀ pàtó. Síìmù kejì àti fóònù kékeré kan ni mo tà fún wọn. Mo ní kí wọ́n rìn yí àpáta náà ká ní àárọ̀, kí wọ́n máa wo ìlà nẹ́tíwọ̀kì, kí wọ́n sì fi ẹfun sàmì sí ibi tó bá ti pé mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n pè mí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an nínú fóònù. Wọ́n ní orí ẹfun náà ni àwọn dúró sí, ìyàwó àwọn sì ti mọ ibẹ̀.